Bí Ewúro Ṣe Dé Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìka yọ ewúro sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, tí ẹ ó wá máa wá ẹran kiri inú ọbẹ̀, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó yáa lọ bọ́jú.

Nígbà láéláé, ewúro kì í korò. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Mo ní kì í korò! Dídùn ló máa ń dùn, ó dùn ju ìrèké lọ. Ní tútù ni àwọn ọmọdé máa ń já a jẹ. Bí wọ́n bá ń ti oko bọ̀, ètè wọn á ti di àwọ̀ ewé. Ó sì ní irúgbìn bíi ti àwọn ẹ̀fọ́ yòókù. Wọ́n á fọ́n ọn sílẹ̀, yóò sì hù.

Láyé ìgbà náà, obìnrin àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Irun rẹ̀ ti funfun, orúnkún sì máa ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kúrò nínú iṣẹ́ ẹ̀fọ́. Ìyá Àgbà ni gbogbo ayé ń pè é, àwa náà á máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà bí ọmọbìnrin mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì ti relé ọkọ. Ọlápéjú, àkọ́bí, fẹ́ apẹja kan ní Etí Odò, níbi tí ilẹ̀ ti ń tutù rinrin látòjò dẹ́ẹ̀rùn. Àṣàkẹ́ tó tẹ̀ lé e wà ní Orí Òkè, níbi tí kùrukùru ti ń bo ilé mọ́lẹ̀ títí di ìyálẹ̀ta, tí wọ́n ń da aṣọ bora lọ́sàn-án gangan. Ìbídùn, àbíkẹ́yìn, ọkọ tirẹ̀ mú un lọ sí Ọ̀dàn. Ilẹ̀ gbalasa ni Ọ̀dàn, kò sí igi ńlá níbẹ̀, oòrùn ibẹ̀ sì máa ń ta bí ẹni pé ẹnìkan ló ṣẹ̀ ẹ́.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti fẹ́ kásẹ̀ ńlẹ̀, tí àrọ̀kúrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wálé wá gba irúgbìn ẹ̀fọ́ ìgbẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n bá gbìn nígbà yẹn ni wọn yóò máa jẹ títí òjò tuntun á fi dé.

Wàyí o, lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ́ sọ, Ìyá Àgbà ṣe àṣìṣe kan. Àṣìṣe abiyamọ ni. Ó pín gbogbo irúgbìn sọ́nà mẹ́ta, dọ́gba-dọ́gba. Ṣọkọ, ìpín mẹ́ta. Ọ̀dú, ìpín mẹ́ta. Ilá, ìpín mẹ́ta. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ kankan lọ máa sọ nílé ọkọ pé ìyá òun fẹ́ràn ẹnìkan ju ẹnìkan lọ.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ojúsàájú ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀fọ́ mọ̀ nípa ojúsàájú? Ilẹ̀ ni ẹ̀fọ́ mọ̀. Ilá jẹrà ní Etí Odò. Lórí Òkè, ó ń gbọ̀n nínú òtútù, kò so ẹyọ kan. Ṣọkọ gbẹ ní Ọ̀dàn kó tó yọ ewé kẹta. Ọbẹ̀ ata lásán ni gbogbo wọn fi gbé ẹ̀ẹ̀rùn dójò.

Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ṣẹ́ kù nínú irúgbìn. Bí ẹ̀kúnwọ́ yẹn bá tún ṣòfò, ó parí nìyẹn. A ò ní í mọ ohun tó ń jẹ́ ṣọkọ lónìí, ẹ̀yin náà ì bá má sì rí ilá fà nínú ọbẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa Ìyá Àgbà lẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ó kó ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan yìí, ó so wọ́n rọ̀ sórí àjà, lókè ààrò ìdáná, kí èéfín lè máa lé kòkòrò kúrò lára wọn. Ṣọkọ wà nínú àdó kékeré kan, Ọ̀dú wà nínú òmíràn. Ilá wà nínú èèpo ara rẹ̀. Ewúro nìkan ni wọ́n so tigi-tigi, odidi ọ̀pá kan tòun ti irúgbìn tó ṣù sí orí rẹ̀. Bó ṣe ga ju àwọn yòókù lọ nìyẹn, ó sì ń fi ojú ìyẹn wò wọ́n.

"Hùkọ́! Hùkọ́!" Ilá ń wúkọ́. "Èéfín yìí á pa mí o. Ìgbà wo la ń lọ?"

"Àfi kó o máa kánjú," ni Ṣọkọ dá a lóhùn láti inú àdó rẹ̀. "Ṣé o ti gbàgbé ohun tójú àwọn ẹ̀gbọ́n wa rí lọ́dún tó kọjá ni?"

"Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yẹn kàn," ni Ewúro wí. "Ibi yòówù tí mo bá lọ, tayọ̀tayọ̀ ni wọn á fi gbà mí. Ọmọ wo ló ń já Ọ̀dú jẹ ní tútù rí?"

"Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko, jọ̀ọ́," ni Ọ̀dú fi fèsì. "Sísè ni wọ́n ń sè mí. Ohun tí wọ́n bá sè ló ń pẹ́ níkùn."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ títí tí àrọ̀kúrò fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún náà, Ìyá Àgbà ti ronú jinlẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí kálukú bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dání, kó pọ́n ọn sínú ewé. Wọ́n sì mú un wá. Ìyá Àgbà tú u sínú àpáàdì mẹ́ta, ó tẹ́ wọn síwájú ààrò. Ilẹ̀ Etí Odò dúdú, omi ń sun lára rẹ̀. Ilẹ̀ Orí Òkè tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ omi. Ti Ọ̀dàn pupa, ó gbẹ. Nígbà tí Ọlápéjú sín lẹ́ẹ̀kan, ìdajì rẹ̀ fò lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sín mọ́," ni Ìbídùn ké sí i. "Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo ní!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn náà ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó ti lóyún, oyún náà sì ti yọ.

Ìyá Àgbà gbójú sókè sí àjà. "Ẹ̀yin ará òkè yìí," ó ní, "lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo pín yín. Lọ́dún yìí, ẹ fẹnu kan ilẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sọ èyí tó bá yín lára mu."

Ó ju irúgbìn Ṣọkọ kan sínú ilẹ̀ dúdú. "Háà!" ni Ṣọkọ wí. "Ẹ má yọ mí kúrò o. Ibí ni màá gbé." Ó di ti Ọlápéjú.

Ó ju irúgbìn Ọ̀dú kan sínú ilẹ̀ tútù. Ọ̀dú na ara bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Orí Òkè ni tèmi," ó ní. "Oòrùn ò tilẹ̀ bá mi ṣọ̀rẹ́ rí." Ó di ti Àṣàkẹ́.

Ilá ò dúró kí wọ́n ju òun sílẹ̀. "Ọ̀dàn ni kẹ́ ẹ gbé mi lọ, Ìyá Àgbà. Omi ló pa ẹ̀gbọ́n mi, èmi àti omi ò rẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o, mi ò lẹ́mìí gígùn. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí mi, màá kó, màá le kokooko. Kò sẹ́ni tó lè gé mi mọ́."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìdí nìyẹn tí Ewúro yóò fi bá ọ lọ. Gbòǹgbò Ewúro máa ń rìn jìnnà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Inú ọyẹ́ ni Ìbídùn máa bímọ. Ìyá ọlọ́mọ tuntun gbọ́dọ̀ rí ewé jẹ kí ọyàn tó lómi. Ewúro, ìwọ ni mo gbójú lé."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí Ewúro sọ.

"Ọ̀dàn kẹ̀? Èmi? Ilẹ̀ tí alángbá ń fò tẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà jó? Tùẹ̀! Ìyá Àgbà, Etí Odò ni kẹ́ ẹ gbé mi lọ."

"Etí Odò máa jẹ ọ́ ní gbòǹgbò."

"Orí Òkè ńkọ́?"

"Òtútù máa wó ọ léwé."

"Kí n kúkú jókòó síbí, ṣé kò dáa?"

Ìbídùn dìde. Ó na ọwọ́ sókè, ó fọwọ́ kan ìdí ọ̀pá náà. "Ewúro mi," ó ní, "ṣé o ti gbàgbé mi ni? Èmi ni mo máa ń já ọ jẹ lẹ́yìn ọgbà, tí Màámi á fi nà mí pé mi ò jẹ́ kí ẹ̀fọ́ dénú ìkòkò. Bá mi lọ, jọ̀ọ́. Màá tọ́jú rẹ. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ mi ni màá gbìn ọ́ sí, ibẹ̀ nìkan ló máa ń tutù díẹ̀ lójúmọ́."

Kí n má parọ́, inú Ewúro yọ́. Ó fẹ́ràn Ìbídùn. Ṣùgbọ́n Ṣọkọ, Ọ̀dú àti Ilá ń wò ó, ó sì ti sọ̀rọ̀ ńlá.

"Ẹ̀yìn balùwẹ̀!" ló wí. "Kí ẹ máa da omi ọṣẹ lé mi lẹ́sẹ̀? Èmi?"

Ni Ewúro bá fi ẹ̀ka há àárín igi àjà. Ìyá Àgbà fà á, kò já. Ó tún fà á, irúgbìn bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ sínú iná, ó ń ta páráró. Ìyá Àgbà sáré fi í sílẹ̀.

"Ẹ ṣì fi mí sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn," ni Ewúro wí.

Ṣùgbọ́n Ọ̀dàn ò súnmọ́ tòsí. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni, àwọn tí Ìbídùn bá wá sì ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó nu ojú rẹ̀, ó mú Ilá nìkan, ó lọ. Ọlápéjú àti Àṣàkẹ́ náà lọ.

Ìyá Àgbà gbójú sókè. "A kì í fi pàṣán gbin ẹ̀fọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n kó o mọ̀ o, Ewúro. Àjà kì í ṣe ilé irúgbìn. Ibùsọ̀ lásán ni."

Lákọ̀ọ́kọ́, Ewúro gbádùn ara rẹ̀. Òun nìkan ló kù lókè, kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ sí i létí mọ́. Ó ń wo Ìyá Àgbà bó ṣe ń se oúnjẹ, ó ń fi orí lu igi àjà bí ọba tó ń gbọ́ orin.

Ìyá Àgbà se iṣu, èéfín. Ó se ẹ̀wà, èyí tí kì í tètè jinná, èéfín láti àárọ̀ dọ́sàn-án. Ó yan àgbàdo, èéfín. Òjò rọ̀, igi tutù, á! èéfín ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Èéfín wọ Ewúro lójú, ó wọ̀ ọ́ nímú, ó wọ ewé rẹ̀, ó wọnú egungun rẹ̀ lọ. Adùn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá sísàlẹ̀, ìkorò jókòó sí ipò rẹ̀. Ewúro ń wúkọ́ báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́.

Ìròyìn wá ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti Etí Odò bọ̀ ní Ṣọkọ ti bo gbogbo ipadò. Ẹni tó ti Orí Òkè bọ̀ ní Ọ̀dú ń yọ̀ nínú kùrukùru bí ẹni pé òun ló ni ín. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé, gbogbo ètè sì bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ọkùnrin kan wọlé láti Ọ̀dàn, eruku pupa bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìbídùn kí yín, Ìyá Àgbà," ó ní. "Ara rẹ̀ le. Ó ku díẹ̀ kó bímọ. Ilá ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti kó báyìí. Ó le débi pé a lè fi kanlẹ̀kùn. Kò sí ewé tútù kan ní gbogbo Ọ̀dàn."

Ìyá Àgbà gbójú sókè sí àjà.

"Ó tún ní kẹ́ ẹ bá òun kí Ewúro," ni ọkùnrin náà wí. "Ó ní kò sí ìjà."

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ohun tó ń dunni tó kí ẹni tí a ṣẹ̀ máa kíni. Ojú ti Ewúro. Ìtìjú náà ta á lára ju gbogbo èéfín tó ti fà lọ.

"Ìyá Àgbà!" ó ké láti orí àjà. "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Ẹ gbé mi lọ sí Ọ̀dàn, ẹ gbé mi lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, ibi tó wù yín!"

Ìyá Àgbà sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò bá a wí. Ó gbọn irúgbìn bíi mẹ́wàá sínú àpáàdì ilẹ̀ Ọ̀dàn, ó bu omi lé e, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò ná. Ọjọ́ kan kọjá, kò hù. Ọjọ́ kejì, kò hù. Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá Àgbà mú ẹyọ kan, ó fi eyín fọ́ ọ. Inú rẹ̀ dúdú kirikiri bí èédú.

"Ó ti yan," ni Ìyá Àgbà wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Gbogbo rẹ̀ ti yan, Ewúro. Kò ní í hù mọ́ láé."

Ewúro sunkún. Kò sí irúgbìn ewúro mìíràn láyé mọ́. Òun tí gbogbo ọmọdé ń já jẹ, òun ló ti parí ìran ara rẹ̀ nítorí ìgbéraga. Nígbà tó sunkún tó, ó ní:

"Ìyá Àgbà, ẹ̀yin náà máa lọ sí Ọ̀dàn lọ wẹ ọmọ tuntun, àbí? Orúnkún sì ń dùn yín. Bí n ò bá ṣeé gbìn mọ́, ẹ fi igi mi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Ó kéré tán, màá fojú kan Ìbídùn."

Ìyá Àgbà mú ọ̀pá náà, ó gé orí rẹ̀ kúrò. Ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀ wò díẹ̀ bóyá ó lágbára. Àwọ̀ ewé tútù tó rí lábẹ́ èèpo yẹn mú kó ṣe "hùn-ún." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n gbéra. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta nínú ọyẹ́! Ìyá Àgbà fi gbogbo ara tẹ Ewúro. Ewúro tí kì í fẹ́ kí eruku kan òun, inú eruku ló ń gún ní gbogbo ọ̀nà: kò, kò, kò. Níbi òkúta, kàn, kàn, kàn. Àwọn alángbá Ọ̀dàn ń yọjú wò ó, wọ́n ń mi orí. Ewúro náà mi orí sí wọn. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an ni Ìbídùn bímọ, ní òwúrọ̀ kùtù. Ọmọbìnrin ni.

"Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọmọ á dàgbà o!" ni Ìyá Àgbà ń pariwo wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo inú àwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ata àti iyọ̀ lásán ló rí. Ọyàn ò lómi tó, ìkókó ń ké gbẹ́ẹ́-gbẹ́ẹ́, Ìbídùn fúnra rẹ̀ sì fẹ́ máa sunkún.

Ìyá Àgbà ò jáfara. Ó gbé ọmọ, ó di balùwẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn jáde sí, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè. Ó wẹ ọmọ tán, ó fi òrí pa á lára, ó wọlé. Ó gbàgbé ọ̀pá síbẹ̀. Ó kéré tán, ó ní òun gbàgbé.

Omi náà ṣàn dé ẹsẹ̀ Ewúro. Omi ọṣẹ ni, irú èyí tó sọ pé òun ò fẹ́. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, òórùn òrí àti ti ọmọ tuntun ń jáde lára rẹ̀. Ewúro mu ún.

Lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wẹ ọmọ, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Ewúro ń mu omi. Lọ́jọ́ kẹta, nǹkan kan ń yún un lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, nǹkan kan ń ti èèpo rẹ̀ láti inú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ keje, Ìbídùn jáde lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, igbe rẹ̀ sì mú kí gbogbo agboolé sáré jáde.

"Màámi! Màámi! Ẹ wá wo ọ̀pá yín! Ó ti rúwé!"

Òótọ́ ni. Ewé tútù yọ̀yọ̀ ti bo ọ̀pá náà láti òkè délẹ̀, nínú ọyẹ́, ní Ọ̀dàn, níbi tí gbogbo nǹkan ti gbẹ.

Ìbídùn ò dúró gbọ́ ohunkóhun. Ó já ewé kan, ó jù ú sẹ́nu ní tútù gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Ewúro di èémí mú. Ó mọ ohun tó wà nínú ara òun.

Ojú Ìbídùn fún pọ̀. "Yéè! Ó mà korò o!"

Ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, Ewúro ì bá wọ̀ ọ́ lọ. "Tu mí dànù," ó ní. "Èéfín àjà ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Tu mí dànù, Ìbídùn, mi ò ní í bínú."

"Tu ọ́ dànù kẹ̀?" ni Ìyá Àgbà wí, ó sì ti ń ká aṣọ mọ́ apá. "Ohun tí èéfín bá bà jẹ́, omi á tún un ṣe. Ẹ gbé àwo wá. Ẹ bu iyọ̀ sí i."

Ó já ewé ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bó o nínú omi. Ó bó o, ìfófòó aláwọ̀ ewé yọ bùkẹ̀bùkẹ̀. Ó da omi yẹn nù. Ó tún bó o, ìfófòó tún yọ. Ìbídùn ní kó tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó tó," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Jẹ́ kí díẹ̀ kù lára rẹ̀, kó lè máa rántí."

Wọ́n sè é pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ tí Ọlápéjú fi ránṣẹ́ láti Etí Odò. Ìbídùn bu òkèlè kan, ó fi gbá ọbẹ̀. Ó korò díẹ̀ ní ètè. Ó tún bu òmíràn. Ó lá àwo náà mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé igbá omi, ó mu, ló bá dúró sójú kan, ojú rẹ̀ là.

"Màámi, kí lẹ fi sínú omi yìí? Ó ń dùn."

Wọn ò fi nǹkan kan sí i. Adùn Ewúro ti àtijọ́ ni. Èéfín lé e lọ sísàlẹ̀, kò lè pa á. Ẹni tó bá jẹ ìkorò tán nìkan ló máa ń bá a níbẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi dé sí ọyàn Ìbídùn. Ọmọ mu, ó yó, ó sùn, ó gbàgbé igbe. Ìgbà yẹn ni Ewúro tó sunkún ayọ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, kò sì tijú pé wọ́n ń wo òun.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, gbogbo aládùúgbò tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Kálukú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún irúgbìn.

"Kò ní irúgbìn mọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Àfi bó bá gbà kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ."

"Ẹ ṣẹ́ mi," ni Ewúro dáhùn kíákíá, kó má baà di pé òun tún ń ronú. "Ẹ ṣẹ́ mi, kẹ́ ẹ kì mí mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ yòówù kó jẹ́, màá lọ."

Láti ọjọ́ náà ni wọn kì í ti í wá irúgbìn ewúro kiri mọ́; igi rẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́ gbìn. Láti ọjọ́ náà ni Ṣọkọ ti ń wá ibi tó tutù, tí Ọ̀dú fẹ́ràn ìtura, tí Ilá ń tètè kó bí ọyẹ́ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n Ewúro kì í yan ilẹ̀ mọ́. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn balùwẹ̀ yín nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo ẹ̀fọ́ bá ti lọ. Òun nìkan lẹ máa bá níbẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, tó ń mu omi ọṣẹ.

Láti ọjọ́ yẹn náà ni ewúro ti ń korò, tí a fi ń fi omi bó o kó tó dénú ọbẹ̀, tó sì fi jẹ́ pé ọbẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sè fún ìyá ọlọ́mọ tuntun.

Nítorí náà, ìwọ tó ń yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ, jẹ ẹ́. Jẹ ẹ́ tán, kó o wá mu omi tútù lé e. Bí omi náà bá dùn lẹ́nu rẹ, Ewúro ló ń bẹ̀ ọ́ pé kó o má bínú.